Bí a ṣe ń mú àwọ̀ ẹyẹlé tó ṣọ̀wọ́n jáde láti ara ẹyẹlé aláyìnrín

Ẹyẹlé tó pọ̀ jù lórí òrùlé ní Kabba, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti àwọn ìletò tó yí wọn ká, aláyìnrín ni. Ara rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rì bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì yára fà yọ. Ìlà dúdú méjì wà lórí apá, ọrùn ń kọ mànà. Àwọ̀ tí ẹyẹlé inú àpáta ń wọ̀ kí ènìyàn tó sọ ọ́ di ẹyẹ ọ̀sìn nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fàdákà, wúrà, búráwùn tàbí pupa osùn nínú ilé ẹyẹ rẹ̀ kò ní láti lọ ra odidi agbo. Ẹyẹ kan ṣoṣo tí a fara balẹ̀ yàn, pẹ̀lú àwọn aláyìnrín tó ti wà nílẹ̀, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé ojú ni wọ́n fi ń ra ẹyẹ. Ìyẹ́ kì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹyẹ. Nínú àwọn àwọ̀ tí a kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, akọ lè gbé àwọ̀ kan sínú títí yóò fi kú kó má hàn lára rẹ̀. Abo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí abo bá ní, ara rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Orí ìyàtọ̀ yìí ni iṣẹ́ náà dúró lé.

Akọ ní ẹ̀dà méjì, abo ní ẹyọ kan

Àwọ̀ ìpìlẹ̀ ẹyẹlé kò ju mẹ́ta lọ: pupa eérú, àyìnrín àti búráwùn. Àwọn yòókù, orí mẹ́ta yìí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Pupa eérú ń borí àyìnrín, àyìnrín ń borí búráwùn. Akọ gba ẹ̀dà kan, ìyẹn àbùdá àwọ̀ tí òbí ń fún ọmọ, lọ́dọ̀ bàbá, ó gba èkejì lọ́dọ̀ ìyá. Èyí tó lágbára ló ń hàn, èkejì á sápamọ́ sínú. Abo kò gba ti ìyá rárá; ẹyọ kan tó ní, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí akọ gbé sínú, kó lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ abo.

Ẹ mú akọ aláyìnrín, kí ẹ fún un ní abo pupa eérú. Gbogbo ọmọ akọ yóò jẹ́ pupa eérú, gbogbo ọmọ abo yóò jẹ́ aláyìnrín, ẹ ó sì ti mọ akọ yàtọ̀ sí abo nínú ìtẹ́ kí wọ́n tó fò. Bí ọ̀kan nínú àwọn akọ pupa eérú yẹn bá dàgbà, ẹ tẹ́ ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ ó rí àmì dúdú kéékèèké níbẹ̀, bí ẹni ta tàdáwà sí i, yóò sì máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń gùn. Ẹ̀rí pé àyìnrín wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí àmì náà bá jẹ́ búráwùn, búráwùn ló gbé sínú.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí jíìnì mẹ́ta (àbùdá inú ara tí òbí ń fún ọmọ) tó ń ṣe àwọ̀ yìí: Tyrp1 ló ń pín àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Slc45a2 ló ń mú àwọ̀ ṣá, Sox10 ló wà nídìí pupa osùn. Ó bá ohun tí àwọn tó ń sin ẹyẹlé ti ń rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn mu.

Àbomilà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Àbomilà kì í ṣe àwọ̀ tó dá dúró. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí a bomi la aró: àyìnrín á di fàdákà, pupa eérú á di ìyeyè tó rọra mọ́, dúdú á di eérú tó ṣú, pupa osùn á di wúrà. Ọ̀nà kan náà tí àwọ̀ ìpìlẹ̀ ń gbà rìn ni òun náà ń gbà, akọ lè gbé e pamọ́, abo kò lè gbé e pamọ́. Ó rọrùn láti mọ̀, ó sì ń yá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí akọ àbomilà lẹ bá rí rà, ẹ fún un ní abo aláyìnrín yín. Gbogbo ọmọ abo tó bá jáde, àbomilà ni. Gbogbo ọmọ akọ á jẹ́ aláyìnrín lójú, ṣùgbọ́n àbomilà wà nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹyin méjì àkọ́kọ́ ti fún yín ní ohun tí ẹ ń wá.

Bí abo àbomilà lẹ bá rà, tí ẹ fún un ní akọ aláyìnrín, kò sí ọmọ kankan tí yóò jẹ́ àbomilà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n á ní ẹni tó ta ẹyẹ fún àwọn rẹ́ àwọn jẹ. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ abo kò gbé nǹkan kan, ẹ lè tà wọ́n tàbí kí ẹ sè wọ́n. Àwọn ọmọ akọ ni ìṣúra, gbogbo wọn ló gbé àbomilà. Ẹ dúró oṣù mẹ́fà sí méje kí ọ̀kan nínú wọn gbó. Bí ẹ bá dá a padà fún ìyá rẹ̀, nǹkan bí ìdajì ọmọ wọn, takọtabo, á jẹ́ àbomilà. Bí ẹ bá fún un ní abo aláyìnrín tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ìdajì àwọn ọmọ abo nìkan ni yóò jẹ́ ẹ. Ọ̀nà kejì yìí lọ́ra, òun la sì fara mọ́ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ á ṣì gbòòrò. Tìyátọmọ lẹ́ẹ̀kan kì í pa agbo. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹyin tí kò ní ọmọ nínú á pọ̀, ọmọ tó kú sínú èèpo á pọ̀, àwọn tó yè náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Bí owó yín bá tó ẹyọ kan ṣoṣo, akọ ni kí ẹ rà.

Ọjọ́ tí ẹyin bá pa lẹ ó mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹ gbé ọmọ ọlọ́jọ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọmọ tí kì í ṣe àbomilà ní irun yẹ́lò gígùn lórí àti lẹ́yìn, ó rí wúruwùru bí irun àgbàdo tútù. Àbomilà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò: awọ rẹ̀ pupa, ikùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹ lè rí oúnjẹ nínú rẹ̀, irun tó ní sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìka ló ń kọ́kọ́ bá a pàdé kí ojú tó rí i. Bí bàbá bá jẹ́ àbomilà tí ìyá kò jẹ́ ẹ, ọmọ oníhòòhò, abo ni. Onírun, akọ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ìyẹ́ bá ti bò wọ́n, àmì yẹn ti lọ nìyẹn.

Ọmọ oníhòòhò yìí ni òtútù ọyẹ́ tètè ń pa. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ fi àpò ìrẹsì bo ẹ̀gbẹ́ ilé ẹyẹ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé lóru, kí ẹ sì máa wo ìtẹ́ ní àárọ̀ kùtù. Bí ìyá àti bàbá bá ti dìde kúrò lórí ọmọ lóru kí ọmọ náà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ da koríko gbígbẹ sí i lábẹ́, kó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pupa osùn, dúdú àti tótòtó

Pupa eérú àti pupa osùn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ọ̀kan bí èkejì. Ẹ wo ìrù: ti pupa eérú rẹ̀ dòò bí eérú ìdí ààrò, ti pupa osùn pupa dé òpin. Pupa osùn kì í tẹ̀ lé ìlànà akọ àti abo. Takọtabo ló ní ẹ̀dà méjì níbí, takọtabo ló sì lè gbé e pamọ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kó tó hàn. Bí àwọn méjèèjì bá gbé e sínú láìhàn, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ni ẹ lè retí. Ìrètí yẹn kì í ṣe ìlérí. Nínú ọmọ 8, ó tó ìgbà 10 nínú 100 tí ẹ kò ní rí ẹyọ kan. Bí ọmọ bá di 16 tí pupa osùn kò sí níbẹ̀, ẹ gbà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀kan nínú òbí náà kò gbé e. Kí ẹ̀yin má baà máa dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ fún ẹyẹ tí ẹ ń ṣiyèméjì sí ní ẹyẹ tó pupa osùn fúnra rẹ̀. Ìdajì ọmọ ni yóò pupa bó bá gbé e, ọmọ mẹ́fà sì ti tó láti fi mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Ohun kan tún wà: pupa osùn ń bo ohun gbogbo tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ kò lè wo ara rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá àyìnrín ni tàbí búráwùn, bóyá ìlà wà lápá rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ fi sí àkọsílẹ̀.

Dúdú tó ń dán bí kóró iṣin kò le. Àbùdá kan ni tó ń tẹ́ àwọ̀ ìlà apá ká gbogbo ara, òbí kan ṣoṣo ti tó láti fún ọmọ.

Tótòtó, ìyẹn ẹyẹ tí ara rẹ̀ dà bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì ta dúdú, pupa àti ìyeyè sí, ló lẹ́wà jù lójú tiwa, òun ló sì léwu jù. Ó ń borí, ọ̀nà akọ àti abo ló sì ń gbà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi tótòtó fún tótòtó. Ọmọ akọ tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá sábà máa ń funfun, ojú rẹ̀ á bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í dàgbà. Abo tótòtó fún akọ tí kì í ṣe tótòtó: gbogbo ọmọ akọ á jẹ́ tótòtó, ọmọ abo kankan kò ní jẹ́ ẹ. Ìyẹn dára, ó sì mọ́.

Ẹ má ṣe po àwọ̀ pọ̀ láìní ètò. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹyẹlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1855, da irú dúdú pọ̀ mọ́ irú funfun, nígbà tó di ìran ọmọ-ọmọ ó rí aláyìnrín tó ní ìlà dúdú méjì lápá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí ní ọ̀dọ̀ wa: ẹni tó bá ń kó ẹyẹ oríṣiríṣi sínú ilé kan, àyìnrín ni yóò padà bá nílẹ̀.

Síso wọ́n pọ̀

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹyẹlé kì í fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀. Abo tó ń fò káàkiri lè gba akọ mìíràn lórí òrùlé aládùúgbò, àwọ̀ ọmọ á sì dà yín lójú rú. Ẹ tì wọ́n mọ́ kéèjì tiwọn, 60 cm ní gígùn, 60 cm ní fífẹ̀, 60 cm ní gíga fún takọtabo kan, kó má kéré sí i. Àtọ̀ akọ lè wà lára abo fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí náà ẹ yà abo sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo akọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó fún un ní ọkọ tuntun.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí àárín kéèjì, akọ ní apá kan, abo ní apá kejì, fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Akọ á máa ké, á fẹ ọrùn, á fi ìrù gbálẹ̀. Bí abo bá ń sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì tó sì ń mi orí, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bá ẹ̀jẹ̀ tàbí ìyẹ́ orí tó já ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dá nẹ́ẹ̀tì padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gùn, ẹyin máa ń dé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Ìtẹ́ méjì ni takọtabo kan nílò, torí wọ́n lè yé ẹyin mìíràn nígbà tí ọmọ tó wà nílẹ̀ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwo amọ̀ tó fẹ̀ tó 20 sí 22 cm dára, àwo ike tó ń yọ̀ kò dára. Lórí ohun tó ń yọ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ ti ń ya sí ọ̀tún àti òsì, kò sì ní lè dìde mọ́. Ẹ fi igi ewé tábà gbígbẹ tàbí koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Tábà máa ń lé iná ara ẹyẹ. Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi yí ilé ká, kí ojú rẹ̀ má ju ìdajì ínṣì lọ. Ejò àti èkúté ń wọlé lójú ihò tí ẹ kò kà sí.

Ẹyin, òrùka àti àwọn òbí alágbàtọ́

Ẹyin àkọ́kọ́ sábà ń dé ní ìrọ̀lẹ́, èkejì ní ọ̀sán ọ̀túnla. Abo ló ń sàba láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, akọ á gbà á ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹyin nínú òkùnkùn: èyí tó dára á ní iṣan pupa bí òwú aláǹtakùn, èyí tí kò ní ọmọ á mọ́lẹ̀ gbáà. Ẹyin á pa ní ọjọ́ 17 tàbí 18 lẹ́yìn ẹyin kejì.

Bí ẹ bá ní takọtabo tó gbówó lórí, ẹ jẹ́ kí àwọn aláyìnrín bá wọn tọ́mọ. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ àmì sára ẹyin, kí ẹ gbé e lọ sábẹ́ aláyìnrín tó yé ẹyin lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ọjọ́ méjì péré wà láàárín wọn. Má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá àti ìyá ló ń ṣe wàrà ọ̀fun fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wàrà yẹn kì í sì í dé títí di ìgbà tí ẹyin bá fẹ́ pa. Bí alágbàtọ́ kò bá tíì sàba tó, ọmọ á jáde, ọ̀fun òbí á gbẹ, ebi á pa ọmọ náà kú. Àwọn tí ẹ gba ẹyin lọ́wọ́ wọn á tún yé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má gba ẹyin lọ́wọ́ abo kan ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láìjẹ́ kó sinmi. Èèpo ẹyin á máa rọ̀, òun fúnra rẹ̀ lè kú sórí ẹyin.

Òrùka ẹsẹ̀ tó ní nọ́ńbà ni kí ẹ fi sí ọmọ láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ. Ẹ kó ìka iwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ ti òrùka kọjá lórí wọn, kí ẹ tẹ ìka ẹ̀yìn mọ́ ẹsẹ̀, kí òrùka kọjá lórí òun náà, kí ẹ wá rọra fa ìka ẹ̀yìn yọ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn òrùka á bọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ kò ní wọlé mọ́.

Oúnjẹ

Fún àpapọ̀ kílò 10: ọkà bàbà kílò 4, àgbàdo 3, ẹ̀wà tàbí òtílí 2, jéró ààbọ̀ kílò, sóyà ààbọ̀ kílò. Ẹ yan sóyà kí ẹ tó pò ó mọ́ ọn, tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹyẹ. Gíráàmù 30 sí 40 ló ń tó ẹyẹ kan lójúmọ́. Àwọn tó ń bọ́ ọmọ lè jẹ ìlọ́po méjì. Ọkà bàbà tuntun pọ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìkórè, ṣùgbọ́n ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ọkà tó bu láàárín òjò ń ba ẹ̀dọ̀ ẹyẹ jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà. Ẹ gún karawun ìgbín tí ẹ ti yan, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn àti èédú díẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí wọ́n lè dé nígbàkígbà.

Ẹyẹlé kì í gbé orí sókè mu omi bí adìẹ. Ó ń ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó sì ń fà á. Kí omi jìn tó 3 cm.

Ẹyẹ tí ẹ rà

Ẹyẹ tó bá ti Lokoja tàbí Ilọrin dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ ní ọjọ́ 30. Ẹ la ẹnu rẹ̀: ohun bí wàrà tó ti dì, tó ti pọ́n, nínú ọ̀fun, àrùn ni, ó sì ń bá wàrà ọ̀fun lọ sára ọmọ. Ọrùn tó ń lọ́, ìgbẹ́ tútù bí ewé, kókó lẹ́bàá ojú àti ẹnu lásìkò òjò tí ẹ̀fọn pọ̀: dókítà ẹran ni kó wò wọ́n, ẹ má kàn da oògùn adìẹ sómi.

Àwọn kan ń fi aró kun ẹyẹ. Ẹ fi òwú tútù nu ìyẹ́, kí ẹ sì ya ìyẹ́ àyà wo ìdí rẹ̀: bí awọ bá ní àwọ̀ tàbí ìdí ìyẹ́ bá yàtọ̀ pátápátá sí òkè, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá sì sọ pé akọ òun "gbé àbomilà sínú", ẹ bi í léèrè ìyá akọ náà tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ abo. Bí kò bá ní èyí láti fi hàn, iye ẹyẹlé aláyìnrín ni kí ẹ san.

Ìwé yín náà ni ẹni tó máa ra tiyín á béèrè. Ẹ ya ojú ewé kan fún takọtabo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ báyìí: kéèjì 4, bàbá òrùka 009, àbomilà, ìyá òrùka 012, aláyìnrín, ẹyin méjì, méjèèjì pa. Ọmọ òrùka 017, níhòòhò, abo. Ọmọ òrùka 018, onírun, akọ, ó gbé àbomilà.